Ẹni Tó Ń Tẹ Fóònù Mi ní Pálọ̀

Ẹ má pè mí ní òpùrọ́ o. Lóòótọ́, mo mọ irọ́ pa, ẹ bi àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ti èyí, ojú mi yìí ló rí i.

Nídìí ẹ̀rọ tó ń gé ọ̀rá ìdìbúrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ kan ní Ọgbà. Abẹ ẹ̀rọ yẹn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rá àti ìka. Èmi náà rèé, tí mo bá ti délé ní Agége, orí àga mi ní pálọ̀ ni màá wà, tí màá máa wo fídíò apanilẹ́rìn-ín lórí fóònù títí àkùkọ á fi kọ. Lọ́jọ́ kan mo tòògbé nídìí ẹ̀rọ, ọ̀gá wa ló fa ọwọ́ mi yọ. Ó ní tí mo bá tún tòògbé, kí n máa lọ sílé pátápátá.

Ìyàwó mi, Ìyá Ṣadé, bá ṣòfin: pálọ̀ ni fóònù á máa sùn, yàrá lèmi á máa sùn. Mo gbé e sórí àga, mo wọlé lọ dùbúlẹ̀ bí ọmọ gidi.

Oorun kò wá. Àtàǹpàkò ń yún mi.

Nígbà tó yá, ìmọ́lẹ̀ tàn lábẹ́ ilẹ̀kùn. Fídíò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹnì kan á gbọ́ díẹ̀, á fò ó, á bọ́ sí òmíràn, bí mo ṣe máa ń ṣe gan-an.

Mo ní olè ni. Ẹ gbà mí gbọ́, mo gbàdúrà kó jẹ́ olè.

Ló bá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà fà, ikọ́ sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀rín mi ni.

Ìyá Ṣadé di ọwọ́ mi mú nínú òkùnkùn. "Bàbá Ṣadé, tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí, ta ló wà ní pálọ̀?"

Mo rápálá dé ìdí ilẹ̀kùn, mo fi ojú kan sí ihò kọ́kọ́rọ́. Ẹnì kan fara ti àga mi. Orí rẹ̀ pá lẹ́yìn bíi tèmi. Irú síńgílẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́rùn mi ló wọ̀.

Èmi ọkùnrin ilé, mo padà lọ fi aṣọ bojú. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, pálọ̀ sì lèèyàn ń gbà lọ sí ilé ìtọ̀. Fèrèsé ńkọ́? Èmi fúnra mi ni mo ní kí wẹ́dà fi irin dí i nítorí olè. Ó ṣiṣẹ́ gidi o. Orí mi kò gba ibẹ̀ kọjá. Mo dán an wò.

Ìgbà tílẹ̀ fẹ́ mọ́ ló tó dákẹ́. Mo bá fóònù lórí àga, ó gbóná, bátìrì ti kú. Tìmùtìmù náà gbóná.

Alaalẹ́ ló ń wá báyìí. Tílẹ̀ bá ti ṣú, a kì í jáde kúrò ní yàrá mọ́. Inú póò la ń tọ̀ sí, bí ọmọ ọwọ́. Ohun tó wá ń dẹ́rù bà mí jù ni pé mò ń sùn. Ọ̀gá wa ti ń yìn mí, ó ní ojú mi ti mọ́.

Mo ní màá ta fóònù náà. Ìyá Ṣadé wo ilẹ̀kùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Tẹ́ ẹ bá tà á, kí ló máa wá máa wò?"

Mi ò tà á. Mo ṣì ń ra dátà sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ fóònù wọ òru, ẹ tètè fi sílẹ̀, kí ibi tẹ́ ẹ ń jókòó sí tó mọ́ ẹlòmíràn lára. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń lé e dìde.