Ìbọ̀wọ́ Aṣọ́lé

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn, ìyàwó mi fọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ní ilé ìdáná wa ní Dagenham. Kì í gbé e sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Á wọ̀ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ lọ sórí pápá, á ki ọwọ́ bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, á sì máa fi ọwọ́ kan ra èkejì. Mo dúró tì í, mo ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Tẹ̀ ẹ́ ni o, má lọ́ ọ," ó ní, àfi bí ẹni pé èmi ni mò ń fọ̀ ọ́. "Má sì gbé e sórí hítà. Á sán."

Yorùbá tó kọ́ lọ́dọ̀ mi ló fi sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn Jámánì tó máa ń pa àwọn ìyá ìjọ wa lẹ́rìn-ín.

Aṣọ́lé ni, ẹni tó ń dúró sẹ́nu góòlù kí bọ́ọ̀lù má baà wọlé. Ìlú kékeré kan ní Jámánì ni wọ́n ti bí i. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló kọ́kọ́ fi í sẹ́nu góòlù, torí òun ló kéré jù, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ dúró síbẹ̀. Ó dúró. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ obìnrin mẹ́ta nílẹ̀ wọn. Wọ́n tilẹ̀ pè é sí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí títí gbogbo rẹ̀ fi parí. Kò ráhùn rí.

"Ẹni tó jókòó náà wọ ìbọ̀wọ́," ló máa ń wí.

Ẹgbẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló gbé e wá síbí. Olùkọ́ ni mí nígbà náà. Inú bọ́ọ̀sì Rush Green la ti pàdé, báàgì rẹ̀ tó rin fún ẹrẹ̀ ba ṣòkòtò mi jẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ ẹ, mo pe ìyá mi ní Ìjẹ̀bú. Ó béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe.

"Aṣọ́lé ni, Màámi."

"Aṣọ́lé kẹ̀? Mẹ́gáàdì?"

"Rárá o, ti bọ́ọ̀lù ni."

"Gbogbo ìwé tí o kà, mẹ́gáàdì lo rí fẹ́ nílùú òyìnbó! Ṣé ó tiẹ̀ ga?"

"Ó ga jù mí lọ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Olè ò ní wọlé yín."

Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti pè, "Mẹ́gáàdì wa ńkọ́?" ni ìkíni rẹ̀. Ìyàwó mi á sì ké láti ilé ìdáná pé, "Mo wà lẹ́nu géètì, mà!"

Orúnkún ló dá a dúró níkẹyìn. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní pápá kan ní Eastbrook bí a ti í fò mú bọ́ọ̀lù. Torí tiwọn ló ṣe fọ ìbọ̀wọ́ lọ́sàn-án yẹn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a. Ojú oorun ni ọkàn rẹ̀ ti dákẹ́. Ó pẹ́ kí n tó lè kọ gbólóhùn yìí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìbọ̀wọ́ náà ṣì wà lórí okùn létí fèrèsé. Àtẹ́lẹ́wọ́ rẹ̀ dà bí rọ́bà. Bí omi bá kúrò lára rẹ̀ pátápátá, yóò gan, yóò sì sán. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mò ń wò ó bó ṣe ń gan sí i, n kò sì lè mú un kúrò, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ló gbé e kọ́ síbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ìyá mi pè. Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu: "Mẹ́gáàdì wa ńkọ́?"

Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀.

"Ọmọ mi," ó wí níkẹyìn, "ta ló wá ń ṣọ́lé báyìí?"

"Èmi ni, Màámi."

"Ṣọ́ ọ dáadáa o."

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo yọ ìbọ̀wọ́ náà lórí okùn. Ó ti sán díẹ̀ níbi àtàǹpàkò ọ̀tún. Mo po omi títí ó fi lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Mo wọ̀ ọ́. Ó tóbi fún mi. Mo fi ọwọ́ kan ra èkejì títí ó fi rọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, n kò lọ́ ọ. Mo sì sá a sétí fèrèsé, jìnnà sí hítà.