Ojú Èkejì Mi Nínú Fọ́tò

N kò rántí ojú èkejì mi mọ́. Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà tó yẹ kó ràn mí lọ́wọ́, òun gan-an ni kò sì jẹ́ kí n rí i.

Ìbejì ni wá. Òun pupa, èmi dúdú. Bí a bá ń kọjá ládùúgbò wa ní Ọ̀tà, àwọn obìnrin a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Dúdú, ta ló gbàgbé rẹ sórí ààrò?" Èkejì mi á ti dá wọn lóhùn kí n tó ya ẹnu: "Èmi ni! Eré ló gbà mí lọ́kàn."

Òyìnbó ṣì ń ṣèjọba nígbà náà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wá nígbà tí ibà gbé e lọ. A kì í sọ pé ìbejì kú, nítorí náà wọ́n ní ó lọ sí Èkó. Mo ń bi wọ́n lójoojúmọ́ pé ìgbà wo ni yóò dé.

Ìyá bàbá mi ní kí wọ́n gbẹ́ ère fún un, bí wọ́n ti ń ṣe. Bàbá mi, tó ń kírun, ní ère kò ní wọ ilé òun. Ìyá mi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ó kàn ń sunkún ni. Nígbà tó yá, bàbá mi gbà kí a lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò.

Onífọ́tò yà mí lórí àga. Lẹ́yìn náà, ó sún àga náà sí apá kejì, ó ní kí n tún jókòó, kí n ṣe bí èkejì mi. Òun yóò pa méjèèjì pọ̀.

"Àmọ́ ọmọ mi pupa," ni ìyá mi wí.

"Ìyá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀. Kámẹ́rà mi ò mọ pupa, dúdú àti funfun nìkan ló mọ̀." Ó bu àtíkè, ó fi kùn mí lójú. "Ó yá, rẹ́rìn-ín bíi tiẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn," ni ìyá mi wí. "Gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Rárá. Rárá o."

Mo gbìyànjú títí omi fi bọ́ lójú mi. Onífọ́tò nù ún, ó tún àtíkè kùn, ó sì ya èyí tó rí.

Nígbà tí fọ́tò náà dé, ọmọ méjì ló jókòó níbẹ̀, ojú ọ̀kan dúdú, ti èkejì mọ́ díẹ̀. Ìyá mi gbé e mọ́ àyà. Láti ọjọ́ náà, bó bá se ẹ̀wà ìbejì, á kọjú sí i, á pe orúkọ èkejì mi, kó tó bu ẹ̀wà fún àwọn ọmọdé.

Fọ́tò aláwọ̀ làwọn ọmọ tèmi ń yà báyìí. Irú ìyẹn ì bá ti tú àṣírí wa. Ti dúdú òun funfun a máa fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń wò ó. Ìyá mi rí ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Ara mi nìkan ni mo ń rí, lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí ìyá mi. Òun nìkan ló kù tó mọ èkejì mi. Mo ní, "Ìyá, báwo gan-an lojú rẹ̀ ṣe rí?"

Ó gbé fọ́tò náà kúrò lára ògiri, ó fi ìka kan ojú tó mọ́ yẹn.

"Bó ṣe rí nìyí. Àbí o ò ríran mọ́ ni?"

"Mo rí i, Ìyá."