Ta Ló Ṣílẹ̀kùn fún Ludger Thivierge?

Inú yìnyín ni wọ́n ti bá òkú Ludger Thivierge, lẹ́yìn ilé ìtọ́jú arúgbó tí òun fúnra rẹ̀ jà fitafita kí ìjọba tó kọ́ ọ. Ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìjọba ní ikú àgbà ni. Ikú àgbà? Ta ni wọ́n ń tàn?

Àwa ará ìlú Sainte-Olivine mọ ẹni tó jẹ́. Nótárì ni, òun ló ń kọ ìwé ìhágún àti ìwé ilẹ̀ fún gbogbo wa. Bí àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé bá wọlé, Ludger á ka ìwé náà sókè fún un, á tún un kà, á wá ní, "Bàbá, tí kò bá tíì yé yín, ẹ má fọwọ́ sí i o." Àwọn àgbẹ̀ yìí ló rán an lọ sílé aṣòfin àpapọ̀ ní Ottawa. Nígbà tó rí i pé wọn kò ka àwọn arúgbó abúlé sí níbẹ̀, ó padà wálé, ó díje sílé aṣòfin ìpínlẹ̀, ó wọlé, wọ́n sì fi í ṣe mínísítà. Bó ṣe gba ilé ìtọ́jú náà fún wa nìyẹn.

Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ fẹ́ dín àwọn tó ń ṣọ́ àwọn arúgbó kù. Ludger dìde láàárín wọn, ó dìbò ta kò wọ́n. Wọ́n yọ ọ́ nípò, wọ́n sì fi Gaétan Pouliot, akọ̀wé rẹ̀ àtijọ́, rọ́pò rẹ̀. Gaétan ló wá buwọ́ lu ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ̀. Nígbà tí ara Ludger kò gbé e mọ́, ilé ìtọ́jú yẹn náà ló lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, àbúrò rẹ̀, Fernande, gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà lọ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi dà?"

"Wọ́n ń sùn, mà," ọ̀gá ilé náà dáhùn.

"Lórí bẹ́ẹ̀dì wo? Yàrá wọn ni mo ti ń bọ̀ yìí!"

Fernande fúnra rẹ̀ ló wá a dé ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ ló ti bá òkú rẹ̀ nínú yìnyín.

Àwọn ará ilé ìtọ́jú ní ó fẹ́ràn láti máa rìn kiri ni. Ludger tí ìbàdí rẹ̀ ti kán, tí kì í dìde lórí àga bí wọn kò bá dì í mú? Àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ta ló ṣí i? Kí ló dé tí wọ́n pààrọ̀ àgádágodo rẹ̀ kí a tó sìnkú? Ta ló sọ fún aṣèwádìí ikú pé kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu?

Níbi ìsìnkú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Gaétan ń nu ojú gbígbẹ. "Bàbá wa ni wọ́n," ló ń wí.

Fernande dìde. "Gaétan! Bàbá tí o kò yà kí rí?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sin wọ́n ná."

"Kí o lè sin ọ̀rọ̀ náà mọ́ wọn, àbí?"

Àlùfáà wúkọ́. Gaétan jókòó.

Ẹ̀yin ìjọba, a kò fẹ́ òdòdó yín, ẹ má sì fi orúkọ rẹ̀ sọ òpópónà kankan. Ẹ ṣí ìwádìí sílẹ̀ ní gbangba, nínú gbọ̀ngàn ìlú yìí, kí ọ̀gá ilé náà àti Gaétan búra níṣojú wa. Bí ẹ bá kọ̀, a ó mọ̀ pé ẹ ti mọ ìdáhùn.