Ọ̀gá Tó Gun Ẹṣin Tí Kò Tíì Sàn

Tí mo bá gbọ́ ìró pàṣán, ọ̀gá tí mo tọ́jú ẹṣin fún ní Kétu ni mo máa ń rántí. Kì í sọ̀rọ̀ láìlu bàtà ara rẹ̀, bí ẹni pé bàtà ló ṣẹ̀ ẹ́. "Ẹran lásán lẹṣin," ló máa ń wí. Òpònú gbáà ni.

Ẹṣin rẹ̀ mọ ijó débi pé wọ́n ń ti Idigny wá wò ó. Lọ́jọ́ kan, iṣan ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ya. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń da omi tútù sí i, tí mo ń fi aṣọ dì í. Ọ̀gá ò yọjú.

Àárọ̀ àjọ̀dún òmìnira ló dé. "Di gàárì!"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kò tíì sàn."

"Àwọn aláṣẹ ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́. Ṣé kí n fẹsẹ̀ rìn bí ìwọ ni?"

Mo kọ̀. Ó dì í fúnra rẹ̀.

Lójú agbo, ẹṣin náà jó díẹ̀, ó ṣubú. Ọ̀gá dìde nínú eruku, ó ń nà án. Mo gba ìjánu lọ́wọ́ rẹ̀, mo rọra fa ẹṣin lọ sí oko mi ní Kpankou.

Ọ̀gá mọ oko náà, ṣùgbọ́n kò wá béèrè ẹṣin rẹ̀ láé. Kí ló fẹ́ fi ẹṣin tí kò lè jó mọ́ ṣe?