Ọ̀dà Lábẹ́ Nọ́ọ̀tì

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ra sáńpépà wá lọ́jà."

Bàbá arúgbó tó ń tún ọkọ̀ wa ṣe kò gbé orí kúrò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tó sọ ọ́. Bàbá mi wo orí bẹ́ǹṣì. Sáńpépà mẹ́ta wà níbẹ̀, wọ́n ká jọ bí ewé gbígbẹ. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n arúgbó náà ti fi kún un: "Èyí tó kúná ni mo fẹ́. Àwọn wọ̀nyẹn ti le jù."

Bàbá mi lọ. Nígbà tí a kò gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ mọ́, arúgbó náà fi àkísà nu ọwọ́, ó jókòó sórí táyà àlòkù kan, ó kọjú sí ìyá mi.

"Ó yá, Tíṣà. Ẹ̀yin lẹ ń wà á. Kí lẹ ti rí?"

Ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo wà, mo gbé àgbọ̀n lé ojú fèrèsé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Títí di ọjọ́ náà, mi ò tíì gbọ́ kí ọkùnrin kan bi ìyá mi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nípa ọkọ̀.

Atíkórí, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ kan. Rìwáyà ni, ìyẹn àwọn tó ń tún wáyà àti bátìrì ọkọ̀ ṣe. Òórùn omi bátìrì kì í kúrò níbẹ̀, ó máa ń ta ènìyàn nímú, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà òórùn mìíràn dàpọ̀ mọ́ ọn: ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ kan ń hó lórí sítóòfù lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Òun nìkan ló ń gbé inú yàrá náà. Rédíò kékeré kan ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lẹ́bàá ìkòkò, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ.

Ìbíadé ni ìyá mi ti ń kọ́ àwọn ọmọ nígbà náà. Ìdájí ló ń wa ọkọ̀ jáde nílé, ìrọ̀lẹ́ ló sì ń dé. Láti oṣù mélòó kan ni ọkọ̀ náà ti ń dá a dúró lọ́nà. Bàbá mi ti ra bátìrì tuntun lẹ́ẹ̀mejì, àwọn méjèèjì kú. Ó wá ní bí ẹ̀kẹta bá kú, òun á ta ọkọ̀ náà, kí ìyá mi wá yàrá sí Ìbíadé, kó máa sùn níbẹ̀ láti Ajé dé Ẹtì. Wọ́n rò pé mo ti sùn nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi sunkún títí tí wọ́n fi mú mi dání wá sí Atíkórí lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọn yóò sọ nípa ìyá mi.

Ìyá mi kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí bàbá mi gbà lọ. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀.

"Baba, iná iwájú rẹ̀ kì í mọ́lẹ̀ dáadáa mọ́. Bí mo bá sì tan iná náà, ọwọ́ tó ń fi ìgbóná ẹ́ńjìnnì hàn á gòkè. Bí mo bá pa iná, á sọ̀ kalẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kò gbóná o. Mo ti fọwọ́ kàn án."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"Bí mo bá fẹ́ yà, tí mo tan iná tó ń ṣẹ́jú, gbogbo iná yòókù á máa bá a ṣẹ́jú."

Arúgbó náà kò dá a lẹ́nu. Ó di ojú, ó ń mi orí. Nígbà tí ìyá mi dákẹ́, ó dúró díẹ̀ bóyá ó ṣì kù.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí ọ̀gá ti ní kí wọ́n kùn ún lọ́dà ni."

Arúgbó náà la ojú. "Ẹ sọ fún wọn?"

"Mo sọ. Wọ́n ní mi ò mọ ọkọ̀ wà ni."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó dìde, ó lọ ro ìkòkò rẹ̀. Ìyá mi bi í pé, "Baba, ta ló ń bá yín jẹ gbogbo èyí?"

"Èmi àti rédíò," ló wí. "Rédíò kì í jẹun púpọ̀."

Bàbá mi dé pẹ̀lú sáńpépà àti òógùn. "Baba, ẹ má dá obìnrin yìí lóhùn o. Bí ẹyẹ bá fò kọjá, á ní bátìrì ti kú."

"Ọ̀gá, ẹyẹ tó fò lónìí, mo ti rí ìyẹ́ rẹ̀." Ó yíjú sí ìyá mi. "Tíṣà, ẹ wọlé, ẹ tan iná."

Ó mú wáyà kan tó nípọn bí àtàǹpàkò. Ó fi ẹnu kan kan orí bátìrì, ó fi ẹnu kejì kan ibì kan lára irin ọkọ̀ tí ọ̀dà kò dé. Iná iwájú tó ti ń pọ́n bí ojú ẹni tí oorun ń kùn là lójijì, ó funfun. Ó mú wáyà kúrò, iná pọ́n. Ó dá a padà, iná funfun.

"Ó ti mọ́lẹ̀!" ni ìyá mi kígbe láti inú ọkọ̀. Mo rí ojú rẹ̀ nínú dígí tó fi ń wo ẹ̀yìn. Kò jọ ojú Tíṣà rárá.

"Iná tó jáde nínú bátìrì gbọ́dọ̀ padà sínú rẹ̀," ni arúgbó náà sọ fún bàbá mi, láìgbé ohùn sókè. "Irin ara ọkọ̀ ló ń gbà padà. Ibi nọ́ọ̀tì yìí ló ti ń wọlé, òun la ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó kùn ún tú nọ́ọ̀tì, ó kun abẹ́ rẹ̀, ó sì dè é padà. Ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa. Bátìrì mẹ́wàá lẹ máa rà, wọn ò ní gba ààjì, ìyẹn agbára iná, tó."

Ó tú nọ́ọ̀tì náà. Abẹ́ rẹ̀ búlúù, ó ń dán, ó rẹwà. Ó fi sáńpépà ha á títí irin fi hàn, ó fi gírísì díẹ̀ pa á, ó sì dè é. Mo rí i pé sáńpépà líle àtijọ́ ló lò. Ti bàbá mi wà nínú bébà rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

Bàbá mi tọwọ́ bọ àpò. Ó na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí ìyá mi. Ìyá mi ló wà wá délé, kò sì sùn sí Ìbíadé lọ́jọ́ kankan.

Mo ti tó ẹni àádọ́rin ọdún báyìí, Àgọ́-Ìwòyè ni mo ń gbé. Ọdún tó kọjá ni ìyàwó mi kú. Ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú ọgbà. Ọmọbìnrin wa ti rí ẹni tó fẹ́ rà á, mo sì fẹ́ kí ọkọ̀ náà lè dá ṣíná kí ẹni náà tó dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin rìwáyà àdúgbò wá wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Dádì, ohun tó ń fún bátìrì ní ààjì ló ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀."

Mo ti fẹ́ sọ pé ó dáa. Ìgbà náà ni mo rí nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ bátìrì. Pupa ni, bí ara ọkọ̀.

Èmi ni mo kùn ún. Mo fi ọ̀dà náà ta ìyàwó mi lọ́rẹ nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Kò pẹ́ sígbà náà ló sọ fún mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo iná ọkọ̀ yìí, kò mọ́lẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀." Mo ní, "Ojú rẹ ni. A ti ń dàgbà." Mo tilẹ̀ mú un lọ ṣe awò ojú. Ó lo awò náà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kò lọ sí ìdánrawò àwọn akọrin mọ́ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Alẹ́ ló máa ń wa ọkọ̀ bọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní ilé ló kúkú wu òun. Mo gbà á gbọ́, nítorí ó rọ̀ mí lọ́rùn láti gbà á gbọ́.

Mo ní kí ọmọ náà máa lọ. Mo tú nọ́ọ̀tì náà fúnra mi, mo ha ọ̀dà pupa abẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, ọwọ́ mi kò le mọ́. Mo tan iná, mo sì lọ wo iwájú, nítorí kò sí ẹni tí yóò kígbe láti inú ọkọ̀. Ògiri ilé ìdáná funfun báláú.

Mo dúró síbẹ̀ títí mo fi rántí pa á.

Mo pe ọmọ wa lórí fóònù, mo ní kó sọ fún ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ pé kó dúró ná. Ó bi mí pé kí ló dé. Ìbéèrè arúgbó Atíkórí ni mo bi í, èyí tí mo ti ń gbé kiri láti ọmọ ọdún mẹ́jọ tí mi ò sì lò fún ẹni tó yẹ: "Nígbà tí màmá rẹ ń wa ọkọ̀ yìí, kí ló sọ fún ọ pé òun ń rí?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́, ó sì pọ̀. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo di ojú. Mi ò dá a lẹ́nu.