Mọ́kànlélógójì Tí Kò Yẹsẹ̀

Nọ́ńbà-Ò-Purọ́ ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò yẹn, òun náà ló sì fẹnu ara rẹ̀ kọ́ wọn. Bí oníbàárà bá ń ṣàròyé, á ní, "Ẹ jẹ́ ká bi ẹ̀rọ léèrè. Nọ́ńbà ò purọ́." Á wá kó iṣẹ́ àṣekú lé kọ̀ǹpútà náà lórí fún wákàtí kan gbáko, á sì máa wo nọ́ńbà tó ń sọ bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe gbóná tó. Tó bá ti ń lé ní àádọ́rùn-ún, àìsàn wà nílẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó máa ń bá iléèwé tẹ ìwé ìdánwò, gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀ wá.

"Nọ́ńbà-Ò-Purọ́! Mélòó ni ibà yín lónìí?" Bó ṣe máa ń kí i nìyẹn. "Ẹ̀gbọ́n mi, nǹkan yìí ń jó mi nítan. Ó tún ń ṣàdédé kú."

Ọkùnrin náà kó iṣẹ́ lé e lórí. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, mọ́kànlélógójì. Nígbà tí wákàtí pé, mọ́kànlélógójì. Inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn.

"Wò ó! Ó ṣiṣẹ́ títí, kò tiẹ̀ làágùn!"

"Ẹ ṣáà fọwọ́ bà á."

"Ọwọ́ ni mo fi kọ́ṣẹ́ ni? Orí bẹ́ẹ̀dì lo máa ń gbé e lé. Ẹni tí ò mọjó, á ní ilẹ̀ ni ò tẹ́."

Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti obìnrin náà, ó gbé ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí kọ̀ǹpútà náà jóná mọ́ ọn lọ́wọ́, ìwé ìdánwò ò tíì parí. Iléèwé gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì, wọn ò sì padà wá mọ́. Kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà o. Ì bá tiẹ̀ jà, ì bá sàn.

Ó ṣe díẹ̀, òjò rọ̀ mọ́jú, òtútù mú gan-an. Ọkùnrin yìí tan kọ̀ǹpútà kan tí oníbàárà fi sílẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́jú. Méjìdínlọ́gọ́ta! Ẹ̀rọ tí kò tíì ṣe nǹkan kan? Ó kó iṣẹ́ lé e lórí, nọ́ńbà ò kúrò lójú kan. Ó wá fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, ó yára fà á padà. Ó ń jó bí áyọ́ọ̀nù. Ohun tó ń wọn ooru ti kú sínú rẹ̀, fáànù ò sì mọ̀ pé ó yẹ kóun sáré.

Ó rántí kọ̀ǹpútà àbúrò rẹ̀. Mọ́kànlélógójì! Ẹ̀rọ tó bá ń ṣiṣẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ gòkè. Ẹnu òkú ló ti lọ gba ẹ̀rí, tó fi pe alààyè lónírọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó lọ sílé àbúrò rẹ̀. Obìnrin náà fún un níjòókòó, ó bu omi fún un.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

Sà yẹn dùn ún ju èébú lọ.

"Ìwọ lo jàre," ó ní. "Ǹ bá ti fọwọ́ bà á."

"Ó ti tán, ẹ̀gbọ́n mi."

"Jẹ́ kí n máa bá ọ wo èyí tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ rà."

"Obìnrin kan ń bá mi tọ́jú ẹ̀. Ó máa ń kọ́kọ́ bi mí pé, níbo ló ti ń jó ọ?"

Ọkùnrin náà na ọwọ́, ó rọra fi àtẹ́lẹwọ́ lé ìdérí kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ṣe é ní nǹkan kan. Àbúrò rẹ̀ ń wò ó. Kò bi í pé mélòó ni ibà lónìí. Ọkùnrin náà mu omi rẹ̀ tán, ó dìde.