Ewé Tí Kì í Ṣe Ti Mọ́ínmọ́ín

Họ́sítà ni wọ́n ń pe òdòdó inú ìkòkò mi yìí. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀, etí rẹ̀ wá funfun bí ìgbà tí ẹ̀kọ bá ta sí i. Ẹni tó tà á fún mi ní Dubai sọ pé kò fẹ́ràn oòrùn rárá. Mo ní kò burú, èmi náà ò fẹ́ràn ẹ̀. Mo gbé e lọ sí Al Majaz ní Sharjah, níbi tí mo gba bedspace sí, ìyẹn ààyè bẹ́ẹ̀dì kan nínú yàrá àjọgbé, mo fi kọ́tìnnì àtijọ́ ṣe ìbòji fún un ní bálíkónì. Tí ooru bá dé, màá gbé e wọlé sí ẹ̀gbẹ́ AC, àwọn tí a jọ ń gbé á sì máa wò mí bí ẹni tórí ẹ̀ dàrú.

Ará Philippines àti India ni wọ́n. A kì í jà, a kì í sì í sọ̀rọ̀. Ewé yìí ni mò ń bá sọ Yorùbá. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láti Al Quoz, màá ní, "Ìwọ yìí, o ṣì wà láyé?" Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Àdánìkanwà ń pa èèyàn.

Nígbà tó yá, obìnrin Yorùbá kan kó wá sí bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí tèmi. Ó jù mí lọ, ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é. Háà, ẹnu mi là! A máa ń sọ̀rọ̀ títí àwọn yòókù á fi pariwo "khalas!" lé wa lórí, pé ó tó gẹ́ẹ́.

Àfi bí visa ẹ̀gbọ́n ṣe parí, tí ibi iṣẹ́ ẹ̀ ò tún un ṣe. Nígbà tó ku ọ̀la kó lọ, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo bá kùkùté lásán nínú ìkòkò họ́sítà mi. Mo sáré wọ kíṣìnì.

"Ta ló gé e?"

"Èmi ni," ni ẹ̀gbọ́n wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mọ́ínmọ́ín inú ike yẹn ti sú mi. Mo ní kí n fi ewé gidi sè é fún ẹ kí n tó lọ. Àṣé o ní ewé nílé, o wá ń fi ṣe ọ̀ṣọ́!"

Inú bí mi. Ó ti jókòó, ó ń tú ewé náà fún mi. Omi ti wọnú ẹ̀, ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. "Ewé yìí ò mà mọṣẹ́ o," ló wí. Ẹ̀rín pa wá. Mo jẹ ẹ́ tán, omijé ń dà lójú mi, kì í ṣe tìtorí ewé mọ́.

Ó lọ lọ́jọ́ kejì.

Mo ṣáà ń bomi rin kùkùté náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí ọ̀mùnú kékeré kan tó yọrí, etí ẹ̀ funfun. Mi ò mọ̀gbà tí mo kígbe: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó! Ó ti hù!"

Ọmọbìnrin tó gba bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n yọjú. "Are you calling me?"

Mo ní rárá, òun kọ́.